Ológbò Nínú Yàrá Kan

 

Nígbà tí ìròyìn kàn pé orí ológbò ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí dá lé, àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní títì tó gba Ọ̀wọdé wọ Ìlaròó ńkọ́? Iná mànàmáná ńkọ́? Ọ̀rọ̀ gidi ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí eku ń já àpò gàrí rẹ̀ lóru, tó lọ gba ológbò kó lè ráyè sùn, tí ológbò ọ̀hún wá ń ké títí ilẹ̀ fi mọ́, tó tún tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ má bá onítọ̀hún ṣe yẹ̀yẹ́. Ojú oorun rẹ̀ kò tíì padà wálé láti ọjọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ àwa ará Yewa àti ológbò ti pẹ́. Ilẹ̀ àgbàdo àti gbágùúdá ni ilẹ̀ wa. Láti Ayétòrò dé Ìmẹ̀kọ, láti Ọjà-Ọ̀dàn dé Ìlaròó, kò sí ẹni tó ń kó oúnjẹ pamọ́ tí kò mọ eku ní ọ̀tá. Ibi tí ọkà bá wà ni eku ń lọ, ibi tí eku bá wà ni ológbò ń bá a lọ. Bí ẹranko yìí ṣe bá ọmọ aráyé pàdé nìyẹn. Ní ọdún 2004, àwọn awalẹ̀pìtàn ròyìn sàréè kan tí wọ́n wú ní erékùṣù Cyprus, tó ti tó nǹkan bíi 9,500 ọdún. Ènìyàn àti ológbò ni wọ́n sin sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn níbẹ̀. Kí Fáráò kankan tó jẹ ní Íjíbítì ni àdéhùn wa pẹ̀lú ológbò ti wà.

Àdéhùn náà kò tíì tán. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka níní ológbò nínú ilé mọ́ ohun tí ènìyàn lè fi dènà ibà Lassa, àrùn tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno ní ọdún 1969, èyí tí eku ń fi ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ tàn kálẹ̀ nínú ilé. Wọ́n kà á pọ̀ mọ́ kíkó oúnjẹ sínú ohun tí eku kò lè já, àti dída ààtàn sí ibi tó jìnnà sí ilé. Ológbò nìkan kò lè dá iṣẹ́ náà ṣe. Bó bá sì gbé òkú eku wálé wá fi yangàn lójú yín, ẹ má fọwọ́ lásán gbé e.

Ohun tó yí padà ni ilé. Nínú agbo ilé àtijọ́, ológbò kì í ṣe ti ẹnì kan. Ó ní àjà tó lè gùn, ó ní àká tó lè ṣọ́, ó ní ẹ̀yìnkùlé tó lè lọ yàgbẹ́ sí kó sì fi yẹ̀pẹ̀ bò ó. Bí ọmọdé bá yọ ọ́ lẹ́nu lọ́dọ̀ ìyá àgbà, á kọjá sọ́dọ̀ ìyàwó kékeré. Lónìí, Pólì ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1979 ti sọ àyíká rẹ̀ ní Ìlaròó di kìkì ilé akẹ́kọ̀ọ́. Ọgbà ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn ti Yunifásítì Ọlábísí Onàbánjọ ṣe bẹ́ẹ̀ fún Ayétòrò. Yàrá kan, ilẹ̀kùn kan, fèrèsé kan tí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn dí. Bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù, àpò gàrí, ìwé àti ènìyàn ti kún ibẹ̀ kí ológbò tó dé. A wá gbé ẹranko tó fẹ́ràn kó mọ ibi tí agbègbè rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí wọ inú ibẹ̀, a ní kó máa hùwà bíi ti ìgbà ìyá àgbà.

Ohun tí mo wá sọ kò gùn. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí a ń pè ní ìwàkiwà ológbò, yàrá ló ti wá. Ẹni tó bá tún yàrá tò kò ní í wá pàṣán.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tó dé. Àṣà wa ni pé kí a gbé e sínú àpò kó má baà mọ ọ̀nà padà, kí a wá fi okùn so ó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì ní ilé ìdáná. Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì, ó ń fa okùn, ó ń ké, irun ọrùn rẹ̀ ń bó. A ní ó ń kọ́ ilé. Kò kọ́ ohunkóhun ju pé ibi tí wọ́n gbé òun wá yìí léwu. Ẹranko tí ẹ̀rù bá ń bà á máa ń sá tàbí kó fara pamọ́. Okùn gba méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ku kó jà. Nígbà tó bá wá ha ọmọ lọ́wọ́, a ní ológbò burúkú ni. Ẹ̀yin Mùsùlùmí tó wà níkàlẹ̀ kò ní í ṣàì rántí hádíìsì obìnrin tó dèrò iná nítorí ológbò kan tó sé mọ́lé, tí kò bọ́ ọ, tí kò sì jẹ́ kó lọ wá kòkòrò ilẹ̀ jẹ fúnra rẹ̀. Ó wà nínú Bukhari, ó wà nínú Muslim. Mo mọ alfáà tó ń fi hádíìsì yìí ṣe wáàsí, tí ológbò wà lórí okùn ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀.

Ilẹ̀kùn ni kí ẹ tì, kí ẹ tú okùn sílẹ̀. Páálí Indomie kan, ẹ dá ihò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ tẹ́ aṣọ àlòkù sínú rẹ̀, ẹ gbé e sí kọ̀rọ̀ tó jìnnà sí ẹnu ọ̀nà. Oúnjẹ àti omi lápá kan, abọ́ tí yóò máa yàgbẹ́ sí lápá kejì. Ibi tó bá sá wọ̀, kí ẹnikẹ́ni má fà á jáde níbẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tí yàrá rẹ̀ wà lẹ́yìn Pólì gba ológbò abilà kan lọ́wọ́ ìyá aláta kan ní ọjà Ṣàyẹ́dèrò. Kó tó tú ẹnu àpò tán, ológbò ti wọ ẹ̀yìn fíríìjì. Alẹ́ ọjọ́ náà, kò jẹun. Ní ọjọ́ kejì, kò sẹ́ni tó rí i kó jẹun, ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, orí ẹja ti dín nínú abọ́. Ìyá onílé dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ìgbálẹ̀, wọ́n ní kó fi lé nǹkan náà jáde kó má baà kú síbẹ̀. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n jókòó tì í ná.” Ó jókòó sílẹ̀, ó kọ ẹ̀gbẹ́ sí fíríìjì, ó ṣí ìwé ìṣirò owó rẹ̀, ó ń kà á sókè jẹ́jẹ́. Kò bojú wẹ̀yìn. Irun ẹnu ló kọ́kọ́ yọ, imú tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà etí kan ṣoṣo. Ológbò na ọrùn, ó gbóòórùn àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ náà láti àtàǹpàkò dé gìgísẹ̀, ó tún padà wọlé. Nígbà tó máa fi jáde lẹ́ẹ̀kejì, ìrù rẹ̀ ti nà sókè gbọnrangandan. Ẹni tó bá mọ ológbò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe, nítorí bí ológbò ṣe ń kíni nìyẹn.

Kò sí oògùn níbẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ sọdá bọ́dà, tó sọ̀kalẹ̀ ní gáréèjì Kútọnu lálẹ́ láì gbọ́ Faransé, á fẹ̀yìn ti ògiri ná kó tó bá ẹnikẹ́ni da nǹkan pọ̀. Ìwọ̀nba ohun tí ológbò ń bẹ̀bẹ̀ fún náà nìyẹn. Ẹ má tẹjú mọ́ ọn, nítorí nínú èdè tirẹ̀, ìpèníjà ni. Bó bá wò yín, ẹ rọra dijú díẹ̀díẹ̀, kí ẹ tún rọra là á. Ní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Sussex ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé àbájáde ìwádìí jáde pé ológbò máa ń dá irú ìdijú bẹ́ẹ̀ padà, ó sì máa ń yá a lára láti sún mọ́ àlejò tó bá ṣe é fún un. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ lálẹ́ òní. Bí ẹnikẹ́ni nínú ilé bá bi yín pé kí lẹ ń ṣe lójú, ẹ ní èmi ni mo rán yín.

Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ni kó fi wà nínú ilé kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn fún un rárá. Èyí tó bá jáde ṣáájú, ọ̀nà ilé àná ni yóò wá lọ, ọ̀kadà tó ń sáré lójú títì kò sì ní í dúró dè é. Ẹ sì mọ̀ pé àwọn kan wà ládùúgbò wa, níhìn-ín àti lódìkejì bọ́dà, tí ológbò kò yàtọ̀ sí ẹran ọbẹ̀ lójú wọn.

Ọ̀rọ̀ ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ló ń lé ológbò jáde nílé jù lọ, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ síbẹ̀. Ológbò kì í dédé tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ń wá ibi tó rọ̀, tó ṣeé wà, tí kò sì sí lójú ọ̀nà. Bí kò bá sí yanrìn, fóòmù ló sún mọ́ yanrìn jù. Ẹ wá abọ́ ìfọṣọ oníke tó gùn ju ara ológbò lọ dáadáa, kí etí rẹ̀ má ga jù. Ẹ da yanrìn gbígbẹ sínú rẹ̀, tàbí ìyẹ̀fun pákó láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń lagi. Wọn kì í gbowó lórí rẹ̀ níbi púpọ̀. Ẹ má gbé e ti abọ́ oúnjẹ, nítorí kò sí ẹ̀dá tó fẹ́ jẹun nílé ìgbẹ́. Ẹ má gbé e sí ẹnu ọ̀nà tí ẹsẹ̀ kì í dá.

Ojoojúmọ́ ni kí ẹ máa kó o. Ìmọ́tótó nìkan kọ́ ló mú mi sọ bẹ́ẹ̀. Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní Toxoplasma, tó lè wà nínú ìgbẹ́ ológbò, tó sì léwu fún oyún inú. Ó máa ń tó ọjọ́ kan sí márùn-ún kí kòkòrò náà tó lágbára láti ranni, èyí ni pé ìgbẹ́ tí ẹ bá kó lónìí kò tíì dé ibẹ̀. Kí aláboyún fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn; bí kò bá sí ẹlòmíràn, kó wọ ìbọ̀wọ́, kó sì fọ ọwọ́ rẹ̀. Kò sí ìdí láti lé ológbò jáde nítorí oyún.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn Izal àti Dettol, ẹ gbọ́ o. Irú èròjà tó wà nínú wọn jẹ́ májèlé fún ológbò, nítorí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò lè fọ́ ọ dànù bí tiwa. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó la àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó ti wọ ara nìyẹn. Ọṣẹ àti omi tó fún abọ́ náà. Àwọn tó sì ń fi imú ológbò nu ìtọ̀ rẹ̀ kó lè kọ́gbọ́n, ẹ̀rù yín nìkan ló ń kọ́. Inú kọ̀rọ̀ tí ẹ kò ti ní í rí i ni yóò máa tọ̀ sí láti ìsinsìnyí lọ. Bí akọ ológbò bá ń bẹ̀rẹ̀ sínú abọ́ lemọ́lemọ́ tí ìtọ̀ kò jáde, ẹ má bínú sí i, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran ní ọjọ́ náà gan-an. Ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀ ti dí, ó sì lè pa á láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta.

Igbe òru ńkọ́? Ológbò ń sùn tó wákàtí méjìlá lójúmọ́, ó sábà máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdájí àti àṣálẹ́ ni àsìkò ọdẹ rẹ̀. Ẹni tó ti wà ní kíláàsì tàbí ní ìsọ̀ látàárọ̀, tó dé tó sì sùn, ológbò tó ti sùn látàárọ̀ ni yóò bá a ṣe aago ìdájí. Ẹ so ìyẹ́ adìẹ mọ́ okùn, ẹ fà á kiri ilẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ẹ tó sùn, kó sáré, kó fò, kó sì rí i mú níkẹyìn. Lẹ́yìn náà kí ẹ fún un lóúnjẹ. Ó dọdẹ, ó jẹun, oorun ló kù. Èyí tó bá ń ké ní aago mẹ́rin ìdájí, tí ẹ bá dìde fún un lóúnjẹ kó lè dákẹ́, ẹ ti kọ́ ọ níṣẹ́ nìyẹn, kò sì ní í pa iṣẹ́ jẹ.

Ti èékánná kò le. Ó gbọ́dọ̀ ha nǹkan, kí èèpo èékánná àtijọ́ lè bọ́, kí òórùn ọwọ́ rẹ̀ sì kù síbẹ̀ láti fi hàn pé ilé òun ni. Àpò kòkó kan tí ẹ wé mọ́ igi tó dúró ṣinṣin tó fún un. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àga tó ti ń ha tẹ́lẹ̀, ẹ má gbé e pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí yàrá bá kéré nílẹ̀, òkè rẹ̀ ṣì ṣófo. Pákó kan tí ẹ kàn mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ti fi kún yàrá ológbò, onílé kò sì ní í fowó lé owó ilé yín.

Ìgbàgbọ́ kan wà tí mo fẹ́ bá jà díẹ̀, pé bí ẹ bá fún ológbò lóúnjẹ kò ní í pa eku mọ́. Irọ́ ni. Ìfẹ́ ọdẹ ológbò yàtọ̀ sí ebi rẹ̀. Èyí tó yó pàápàá á pa eku, ó sì lè má jẹ ẹ́. Èyí tí ebi ń pa ló ń ṣí ìkòkò ọbẹ̀ aládùúgbò. Ẹ̀bà àti omi ọbẹ̀ kò sì lè gbé e ró, ẹran ni oúnjẹ rẹ̀. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní taurine wà nínú ẹran àti ẹja, tí ara ológbò kò lè dá ṣe tó. Ní ọdún 1987 ni àwọn onímọ̀ ní California fi hàn pé àìtó rẹ̀ ń ba ọkàn ológbò jẹ́. Orí ẹja ṣáwá, ọkàn adìẹ, edé díẹ̀, owó rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀ kí ẹ tó fi àlùbọ́sà sí ọbẹ̀, nítorí àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, ẹ má fún un ní parasitamọ́ọ̀ láéláé. Ẹyọ kan ṣoṣo lè pa á.

Ní ilé fésì-mí-ǹ-fésì-ẹ, ológbò yín kì í ṣe tiyín nìkan. Ọ̀nà tí ó fi sábà máa ń kú ni pé yàrá kẹta fi májèlé sílẹ̀ fún eku, eku jẹ ẹ́, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ológbò rí i mú. Ní ọdún 2019 ni àjọ NAFDAC fòfin de títa ìgò oògùn apakòkòrò Sniper kéékèèké ní ọjà, nítorí ẹ̀mí ènìyàn tó ń bá a lọ. Májèlé eku àti ọ̀tápiapia kò tíì kúrò lórí wíìbáárò. Ẹ lọ kan ilẹ̀kùn alájọgbé kọ̀ọ̀kan kí ológbò tó dé. Ẹ ní, “Ẹ kú ilé o, ológbò ń bọ̀ wá bá wa gbé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi májèlé mọ.” Ẹni tí ẹ bá ti bá sọ̀rọ̀ ṣáájú kì í yára sọ òkúta.

Òkúta tí wọ́n ń sọ lu ológbò ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Wọ́n ní ojú rẹ̀ ń tan iná lóru, wọ́n ní ó ń sunkún bí ọmọ jòjòló, nítorí náà àjẹ́ ni. Ohun tó ń tan lójú rẹ̀ ni awọ kan nínú ẹyinjú tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà; ojú ewúrẹ́ yín náà ń tan bí ẹ bá tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ẹ kò sì pe ewúrẹ́ lẹ́jọ́. Ẹkún òru náà, abo tó ń wá akọ ni, tàbí akọ méjì tó ń jà nítorí rẹ̀. Abo lè bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà, oṣù méjì péré ló sì ń fi lóyún. Bí dókítà ẹran bá tẹ akọ lọ́dàá, tí ó sì yọ ilé ọmọ abo, ẹkún náà á rọlẹ̀, ìtọ̀ tí akọ ń fọ́n sára ògiri á dín kù. Àwa tí à ń jó Gèlèdé láti fi yẹ́ àwọn ìyá wa sí, ijó tí UNESCO kéde ní ọdún 2001 pé ó jẹ́ àjogúnbá gbogbo ayé, a lọ́gbọ́n tó láti mọ̀ pé ológbò tó wà lórí òrùlé kò mọ ohunkóhun nípa ọ̀rọ̀ àjẹ́.

Dìgbòlugi kì í ṣe ti ajá nìkan. Láti oṣù mẹ́ta ni ọmọ ológbò ti lè gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Ẹni tí ológbò tí a kò mọ̀ bá bù jẹ, kó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà. Kó má fi epo tàbí ewé dí i. Fún abẹ́rẹ́ àti iṣẹ́ abẹ, ilé ìwòsàn ẹran wà ní Yunifásítì FUNAAB ní Abẹ́òkúta, tí ọkọ̀ láti Ìlaròó tàbí Ayétòrò lè gbé yín dé, tí ẹ sì máa padà lọ́jọ́ kan náà.

Ẹ̀yin onílé tó wà níbí, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ó wọ inú àdéhùn ilé: ológbò kan ní yàrá kan, kó ti gba abẹ́rẹ́, kí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, kí ẹni tó ni ín máa kó ìgbẹ́ rẹ̀. Ó sàn fún yín ju kí ẹ máa ra májèlé eku lóṣooṣù. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹni tó bá fẹ́ gba ológbò lọ́la, kó ra abọ́ mẹ́ta lónìí, kó bu yanrìn sínú ọ̀kan, kó sì lọ kí àwọn alájọgbé rẹ̀.